Oyin Tí Oyèkẹ́ Sé Mọ́lé

Bí ẹ bá dé Ìdásẹ̀n tí ẹ béèrè Oyèkẹ́, wọ́n á ní kí ẹ sọ èyí tí ẹ ń wí, nítorí Oyèkẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Olóyin, ọmọdé pàápàá á nawọ́ sí ọ̀nà oko, kò sì ní bá yín dé ibẹ̀. Ẹ̀rù ni. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Àwọn tó ń bá a gbé ni wọ́n ń bẹ̀rù, àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nínú àpótí mẹ́fà lábẹ́ igi kajú, tí òun nìkan ṣoṣo máa ń sún mọ́ láìsáré. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún tó kọjá.

Ògúnbọ̀dé, ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ mú oyin wọ ilé wọn, àmọ́ oyin tó ti kú ló máa ń mú wọlé. Á wọ igbó lọ sí ọ̀nà Òkèlúse, á wá ihò igi tí oyin wà, á ti ògùṣọ̀ bọ̀ ọ́, á sun tìyátọmọ wọn, á wá kó afárá. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo ọlọ́dẹ oyin ṣe ń ṣe é sì nìyẹn. Oyèkẹ́ ló máa ń fún oyin náà sínú ìgò, tí á máa fi ìka ṣa òkú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí tí Ògúnbọ̀dé já láti orí igi kan tòun ti iná lọ́wọ́. Wọ́n gbé e délé, kò mọ́jú. Ọjọ́ tí Oyèkẹ́ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní fi iná lé oyin mọ́ lórúkọ ilé òun. Àwọn ẹbí ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìbànújẹ́ kọ́ o. Nígbà tí àwọn kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà l'Ọ̀wọ̀ láti kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń sin oyin nínú àpótí, obìnrin mọ́kànlá ló lọ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, Oyèkẹ́ nìkan ló padà, ojú rẹ̀ wú débi pé kò rí ìwé tí wọ́n fún un kà. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́: pé ìyá kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin fún odindi àpótí; pé obìnrin ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀; pé àwọn akọ kì í wá oúnjẹ, wọn kì í kọ́lé, wọn kò tilẹ̀ ní oró tí wọ́n lè fi gbèjà ilé, wọ́n kàn ń jẹun, wọ́n ń dúró de ìyàwó. Bó bá dé ibi yẹn, á rọra wo àwọn ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ igi, á mú ẹnu kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ó tún ní àwọn oyin mìíràn tí kì í gbé inú àpótí. Àwọn tíntìntín dúdú kan wà nínú ògiri alámọ̀ ilé ìdáná rẹ̀, tí kì í ta ni rárá, tí wọ́n fi ìda mọ ẹnu ọ̀nà wọn bíi fèrè kékeré. Oyin wọn kò ju ṣíbí mélòó kan lọ lọ́dún, ó kan díẹ̀, ikọ́ ni Oyèkẹ́ fi ń wò. Àwọn ńláńlá dúdú sì tún wà tí wọ́n ń dá gbé, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú igi àjà. Ẹlòmíràn á ti bu kẹrosíìnì sí wọn. Oyèkẹ́ ní kí wọ́n máa gbẹ́ àjà òun lọ, wọ́n ń san án padà lára òdòdó ẹ̀wà.

Christopher ni oko rẹ̀ àti ti Oyèkẹ́ jọ pààlà. Bàbá Praise ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ọmọ Àkókó tó wá wá iṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tí àwọn àgbà Ìdásẹ̀n sì fún ní ilẹ̀ dá oko. Ẹ̀gúsí ló ń gbìn, ó ń fi pákí há a láàárín. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú èyí tí à ń sọ yìí, kòkòrò wọ ewé ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó fín gbogbo oko láago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà tí òdòdó là sílẹ̀ tí oyin sì kún inú wọn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìgbálẹ̀ ni Oyèkẹ́ fi ń gbá òkú oyin lẹ́nu àpótí. Méje ni àpótí rẹ̀ nígbà náà. Mẹ́rin ṣófo lọ́sẹ̀ yẹn. Christopher dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun rò pé kòkòrò tó ń jẹ ewé nìkan ni oògùn ń pa. Oyèkẹ́ dá a lóhùn pé oògùn kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ kòkòrò.

Iwájú àwọn àgbà ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Bí Christopher bá fẹ́ fín oògùn, á wá sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Oyèkẹ́ á dúró kí oyin wọlé tán, á fi àpò ìdọ̀họ tó rin fún omi dí ẹnu àpótí. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí oògùn ti gbẹ, á ṣí wọn. Ìyẹn bójú mu. Ṣùgbọ́n Oyèkẹ́ ní ó ku ọ̀kan: ẹsẹ̀ Christopher kò gbọdọ̀ kọjá òkúta ààlà láìjẹ́ pé òun fúnra òun ní kó kọjá. Christopher bu erùpẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó búra. Àlejò tí wọ́n fún nílẹ̀ kì í fi irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ó sì pa á mọ́. Kò sí ìgbà kan tó fẹ́ fín tí kò wá sọ. Á dúró lẹ́bàá òkúta, á gbóhùn sókè: "Màmá, ọ̀la ni o." Oyèkẹ́ á ní: "Mo gbọ́." Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tí Oyèkẹ́ tiẹ̀ fi bí a ṣe ń fa àpò kúrò lẹ́nu àpótí hàn án láti òkèèrè, nítorí pé Christopher béèrè, ẹ̀rù oyin kì í sì í ba Christopher. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Àpótí ti padà di mẹ́fà. Inú Oyèkẹ́ kò padà sí ọkùnrin náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹrin ni Christopher tún wá sí ẹ̀bá òkúta. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ, ilẹ̀ sì gbóná bí agbada. Ẹ̀gúsí rẹ̀ ń fà nílẹ̀, kò tíì tanná, kòkòrò sì tún ti dé sí i. "Màmá, ọ̀la ni o. Ìdájí ni mo fẹ́ fín in." Oyèkẹ́ ní òun gbọ́. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó rẹ àpò sínú omi, ó dí ẹnu àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó gbé etí lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kùn nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń bínú sí ẹni tó sé wọn mọ́lé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù fi dún. Sylvanus ni, ọkọ Ìtùnú, ọmọ kan ṣoṣo tí Oyèkẹ́ bí. Ó ní Ìtùnú ti ń rọbí, àwọn ti wà ní ilé ìwòsàn l'Ọ̀wọ̀. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ṣègbéyàwó rèé, oyún yìí sì ni àkọ́kọ́ tó dúró. Oyèkẹ́ wo àwọn àpótí. Kò lè ṣí wọn, ọkùnrin yẹn ń bọ̀ wá fín oògùn. Ó ní kó tó di ọ̀sán òun á ti padà. Láti Ọ̀wọ̀ sí Ìdásẹ̀n kò jìnnà lórí ọ̀kadà. Ó gbé báàgì, ó lọ.

Ọmọ kò tètè wá. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ló kàn. Wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè, ọkùnrin, ohùn rẹ̀ ròkè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá. Sylvanus ń sáré kiri láti wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Oyèkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ìborùn rẹ̀ mú bí ẹni tó di okùn kànga mú. Ọ̀sán pọ́n. Fóònù dún.

"Màmá, Bàbá Praise ni. Mi ò lè fín oògùn mọ́, ẹ̀rọ mi bàjẹ́. Ẹ lè ṣí wọn."

"Mo wà l'Ọ̀wọ̀. Ara ọmọ mi ò yá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣé kí n bá yín ṣí wọn? Mo mọ bí ẹ ṣe ń fa àpò yẹn."

Ẹ ṣàkíyèsí ibí yìí, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oyèkẹ́ ì bá ti ní "ṣí wọn," ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ọkàn rẹ̀ sì padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ohun tó wá sí i lójú ni ìgbálẹ̀, àti òkìtì òkú oyin lẹ́nu àpótí mẹ́rin. "Má fọwọ́ kàn wọ́n," ló sọ. "Mò ń bọ̀ lónìí."

Kò padà lọ́jọ́ náà. Ìtùnú lajú nírọ̀lẹ́, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń ká ìborùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mọ́ lọ o, Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Oyèkẹ́ tún jókòó. "Mẹ́ẹ̀ lọ," ló fi dá a lóhùn, pé òun ò lọ. Ìyá wo ló máa lọ?

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Christopher tún pè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn yìí pọ̀. Mo dúró lẹ́bàá òkúta, mo ń gbọ́ ariwo wọn láti ibẹ̀. Ariwo náà kò rí bó ṣe máa ń rí."

Oyèkẹ́ kò tíì sùn láti ìdájí àná. Ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n rí kò bá ti Ìtùnú mu, wọ́n tún ti lọ wá òmíràn. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe ń wí. Ó kàn ń wá ibi tó máa gbà jáde ni, ó sì rí Christopher. "Ṣé bí o ṣe pa àwọn ti àkọ́kọ́ lo ṣe fẹ́ wá pa àwọn yìí? Má kọjá òkúta yẹn. Má sì pè mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ àpótí mi."

"Ó dáa, Màmá," ni Christopher wí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò pe ẹlòmíràn. Ta ni yóò pè? Ní gbogbo Ìdásẹ̀n, ẹni méjì péré ni kò bẹ̀rù oyin. Ọ̀kan wà lórí bẹ́ǹṣì l'Ọ̀wọ̀, èkejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lẹ́nu mọ́ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, fóònù kò dún. Oyèkẹ́ fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní bí nǹkan bá ṣe, ọkùnrin yẹn kò ní lè pa ẹnu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Ìtùnú ti dá, ó ti mu ògì, ó ti fún ọmọ lọ́mú. Ìgbà tó di aago mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyá òun lọ wo ilé.

Ohun tí Oyèkẹ́ kọ́kọ́ rí ni korobá kan. Ó wà lẹ́bàá òkúta ààlà, ní ìhà ti Christopher, ó kún fún omi dé ẹnu, àwo kékeré kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé kajú méjì ti já sórí omi náà. Ó wò ó, kò yé e. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà kàn án, òórùn oyin gbígbóná àti ìda tó yọ́. Ó dúró láti gbọ́ wọn. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Oyin ti ń kán lábẹ́ àpótí kìíní, ìjàlọ ti tò wá síbẹ̀. Àpò tó fi dí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ ó le. Ó fà á yọ, kò sí ohun tó jáde. Ó ṣí ìdérí. Afárá ti yọ́, ó ti wó lu ara wọn, àwọn oyin sì ti rì sínú oyin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó jọ. Bí èkejì ṣe rí nìyẹn, bí ẹ̀kẹta ṣe rí nìyẹn. Bí ooru bá mú, oyin a máa lọ gbé omi wálé láti fi tu ilé lára, a sì máa tò sẹ́nu ọ̀nà láti fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Oyèkẹ́ mọ̀. Òun ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn. Nínú àpótí kẹfà, tí afárá rẹ̀ kò wó tán, ó rí ìyá wọn tó gùn ju gbogbo wọn lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, ìyẹ́ wọn nà sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dùn ún débi pé kò lè sunkún. Bó bá jẹ́ pé iná jó wọn, á bá iná wí. Bó bá jẹ́ oògùn, ó mọ ẹni tó máa bá wí. Àfọwọ́fà ni èyí. Ògúnbọ̀dé fi iná pa tirẹ̀, ó sì jẹ oyin rẹ̀. Òun fi ìtọ́jú pa tòun. Ó yí ojú padà wo korobá tó wà lẹ́bàá òkúta, nígbà náà ló tó mọ ohun tí wọ́n gbé e wá ṣe.

Kò sọ fún Ìtùnú. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní Iṣẹ́olúwa. Veronica, ìyá Sylvanus, ló fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó ní bí oyin ṣe dùn ni ayé rẹ̀ á dùn, ó sì tún kọjú sí àwọn àlejò: "Oyin Ìyá Olóyin rèé o, èyí tí a ò ní wá tì nílé yìí." Gbogbo ilé ní àmín. Oyèkẹ́ náà ní àmín. Ìgò méjì irú oyin bẹ́ẹ̀ ló kù sílé, nínú èyí tó ti fún ṣáájú.

Nígbà tó di àárín oṣù karùn-ún, òjò ti rọ̀ dáadáa, oko Christopher sì pọ́n yòò fún òdòdó ẹ̀gúsí. Òdòdó náà á là láàárọ̀, á kákò lọ́sàn-án, á já bọ́. Àwọn tíntìntín inú ògiri ilé ìdáná ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í rìn jìnnà, apá ibi tó sún mọ́lé nìkan ni wọ́n lè ká. Àwọn ńlá inú àjà kò bìkítà fún ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kan, Christopher wá dúró lẹ́bàá òkúta.

"Màmá, ẹ̀gúsí mi ń tanná, kò so."

Oyèkẹ́ dá a lóhùn pé òun á wá. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọdún mẹ́ta tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á wọ oko Christopher.

Ó dé oko náà kí ìrì tó gbẹ. Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án: á já òdòdó akọ, èyí tí kò ní nǹkan lábẹ́, á tú ewé ara rẹ̀ kúrò, á wá fi ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kan àárín òdòdó abo, èyí tí bàrà kékeré bíi ẹ̀kùrọ́ wà nídìí rẹ̀. Á kàn án díẹ̀díẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà, á tún lọ sí òmíràn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lọ poro sí poro. Ẹ̀yìn ro Oyèkẹ́, oòrùn ń gòkè, kò sinmi. Ó mọ̀ pé bí ọ̀sán bá pọ́n, òdòdó máa kákò.

"Bàbá Praise," ló pè é, láìgbé orí sókè.

"Màmá."

"Ìgbà wo ni wọ́n dákẹ́?"

Christopher kò bi í pé àwọn wo. "Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Láti àárọ̀ ni ariwo wọn ti ń wálẹ̀. Mo gbé omi dé ibẹ̀ pé bóyá ẹ ó pè, kí n lè tètè bomi lù wọ́n. Mo di fóònù mú títí."

"O ò pè mí."

"Ẹ ní kí n má pè mọ́."

Oyèkẹ́ fi òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan abo kan, ó tún fi kàn án. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ìtùnú ti jókòó, ó ń mu ògì, òun sì ń bá àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "O ò bá ti kọjá, bó ti wù kó rí."

"Mo fi ahọ́n kan ilẹ̀, Màmá. Ilẹ̀ yín ni."

Oyèkẹ́ tún já akọ mìíràn. Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í kákò, wọ́n nà ró, wọ́n wẹ̀yìn wò. Iṣẹ́ ènìyàn méjì láti ìdájí dé ọ̀sán kò tó poro mẹ́rin, oko sì nà lọ títí dé ìsàlẹ̀ odò, ó pọ́n yòò. Iṣẹ́ tí àwọn tọ̀hún máa ń ṣe tán kí àwọn ènìyàn tó jẹun àárọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n rí.

Christopher sìn ín dé ibi òkúta, ó dúró níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Oyèkẹ́ kọjá, ó rin ìṣísẹ̀ méjì, ó yíjú padà.

"Bàbá Praise, máa kọjá. Láti òní lọ, ìgbàkígbà tó bá wù ọ́, mo ní kí o máa kọjá."

Christopher wo àpótí mẹ́fà náà lábẹ́ igi kajú. Ẹnu wọn là sílẹ̀, kò sí ohun tó ń wọlé, kò sí ohun tó ń jáde.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ló wí, ó sì dúró síbi tó wà.